Ọ̀pá Iṣu Tó Rúwé

Ní ọ̀nà Iléṣà sí Ifẹ̀wàrà, abà kan wà tí wọn ò kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó kankan. Ibẹ̀ ni Barnabas ti ń dáko iṣu láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Èmi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn iṣu tó ọkùnrin yìí. Yóò wo ìtàkùn lásán, yóò sì sọ bí ohun tó wà nísàlẹ̀ ṣe tóbi tó, kì í sì í ṣì í. Lọ́jọ́ ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, iṣu tirẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé síwájú pẹpẹ, tí àwọn ọmọdé á máa fọwọ́ kàn án, tí àwọn ìyá wọn á máa gbá wọn lọ́wọ́. "Iṣu Bàbá Akínkúnmi dé o!" Barnabas á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Irọ́ ni, ó gbọ́. Akínkúnmi ni àkọ́bí rẹ̀, òun nìkan sì ni ọkùnrin tó bí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi ló tẹ̀ lé e. Kò sí orúkọ tó dùn mọ́ ọn tó kí wọ́n pe òun ní bàbá ọmọ yẹn.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Láyé àwọn baba wa, ẹni tó bá ti dáko síbì kan pẹ́ á fi í sílẹ̀ kó di igbó, á lọ síbòmíràn, títí ilẹ̀ á fi sinmi. Ibo wá ni Barnabas fẹ́ lọ? Kòkó ti gba apá kan, mọ̀lẹ́bí ti pín èyí tó kù. Ojú kan náà ló ń kọ ebè sí lọ́dọọdún, ilẹ̀ náà sì ṣá. Ewé iṣu ń pupa rúsúrúsú kí òjò tó dá, iṣu abẹ́ rẹ̀ kò sì ju ọwọ́ ọmọdé lọ mọ́. Ajílẹ̀ òyìnbó ńkọ́? Ẹ dákun, ajílẹ̀ wà nínú rédíò nígbà náà, kò sí lóko. Ẹni tó bá ní èèyàn níbi tí wọ́n ti ń pín in ló ń rí i gbà. Barnabas kò ní èèyàn.

Ìgbà yẹn ni Akínkúnmi parí iléèwé iṣẹ́ ọ̀gbìn tó padà wálé. Ọmọ náà ga débi pé ó ní láti tẹ̀ ba kó tó wọ yàrá ìyá rẹ̀. Ẹrù ẹ̀ka igi ló rù dé oko, ó sì ní òun fẹ́ gbìn ín ní poro, poro, poro. Nígbà tí Barnabas rí igi náà, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àgùnmániyè? O lọ sílé ìwé, àgùnmániyè lo rù bọ̀?"

Àgùnmániyè kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Igi tí a fi ń ṣọgbà yí ilé ká ni. Kò sí ẹni tí í jẹ èso rẹ̀. Gíga ló mọ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni à ń fi bú ẹni tó gùn gbọọrọ tí kò ní iyè nínú.

"Bàbá, ẹ fetí sílẹ̀ sà," ni Akínkúnmi wí. "Oúnjẹ kan wà tí ewéko ò lè ṣe láìsí, náítírójìn lorúkọ rẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló pọ̀ sí. Igi yìí mọ bí wọ́n ṣe ń fà á wá sí gbòǹgbò. Bí a bá gé ewé rẹ̀ tẹ́ sórí ebè, tó bá sì jẹrà, ilẹ̀ á jẹ ẹ́, iṣu náà á jẹ ẹ́."

"Afẹ́fẹ́." Barnabas yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Phebe, o gbọ́? Afẹ́fẹ́ la ó máa gún níyán báyìí."

Phebe rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. "Ilẹ̀ ń jẹun bí èèyàn ni, Bàbá. Ẹ ò lè fi ẹ̀bà lásán bọ́ ọ. Náítírójìn ló ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Òmíràn wà tó ń ran gbòǹgbò lọ́wọ́. Òmíràn ló ń mú iṣu sanra, inú eérú ààrò Màmá lẹ ó ti rí ìyẹn. Apá ibi tó kangun sódò nìkan ni kẹ́ ẹ fún mi. Ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀ títí di ọdún kẹta, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí ojú yín ó rí."

Ó fún un. Ẹ má wo ẹnu Barnabas, ọmọ náà wù ú. Nígbà mìíràn á lọ dúró lẹ́yìn igi kòkó, á máa wò ó bó ti ń ro àárín àwọn poro rẹ̀, á sì máa mi orí.

Ọdún kan kọjá, ọdún kejì ń lọ, igi ga, iṣu tó wà nínú oko yòókù ń kéré sí i. Ọjọ́ ìkórè dé. Barnabas ru èyí tó rí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Awóníyì ló ń ta nǹkan ìkórè lọ́jọ́ náà, ẹlẹ́nu ṣọnṣọ tí kì í mọ ibi tí àwàdà parí sí. Ó gbé iṣu náà sókè kí gbogbo ìjọ rí i.

"Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ṣé iṣu rèé àbí ọ̀dùnkún?"

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Barnabas bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, kò jẹun. Ojú tì í dé egungun.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Akínkúnmi lọ sí Iléṣà lọ wáṣẹ́. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí bàbá rẹ̀ fi mú àdá. Ó gé gbogbo àgùnmániyè náà lulẹ̀, poro kan tẹ̀ lé òmíràn. Ó kọ ebè síbẹ̀, ó gbin èèbù. Àwọn igi tó gé, ó gé wọn ní ọ̀pá, ó sì rì wọ́n mọ́ ẹ̀gbẹ́ ebè ní tútù wọn, pé bí iṣu bá yọ, ìtàkùn á rí nǹkan gùn. Igi tí kò wúlò láàyè, kó wúlò lókùú.

Akínkúnmi dé, ó gba oko lọ tààrà. Ó dúró, ó wò. Ó ní, "Bàbá, ọdún kan ló kù."

"Ọdún kan! Ọdún kan tí wọn ó tún fi mí ṣẹ̀sín?"

"Ẹ̀rín Awóníyì lẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́ tèmi. Nítorí ìtìjú lẹ ṣe pa ilẹ̀ yìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kó sọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a kì í sọ irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ fún bàbá ẹni létí ebè. Barnabas na ìka sí i.

"Èmi? Èmi ni mo pa ilẹ̀? Àgùnmániyè! Gíga lásán, kò sí iyè! Ìwọ àti igi rẹ, ọ̀kan náà ni yín. Má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ rẹ lóko mi mọ́, àfi bí mo bá fi ẹnu ara mi pè ọ́!"

Akínkúnmi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tútù. "Mo ti gbọ́, sà," ló wí. Ó dìde, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ àyà rẹ̀, ó sì lọ. Phebe sáré tẹ̀ lé e dé títì, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ń di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti gbé e. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Òṣogbo ló gbà lọ. Cornelius, àbúrò Barnabas tó ń ta obì, ló rí i níbẹ̀, ó sì mú ìròyìn wá: ọmọ náà wà lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sin adìyẹ, ó ń gbálẹ̀ ilé adìyẹ, ó sì ń di ìgbẹ́ wọn sínú àpò fún àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́.

"Ìgbẹ́ adìyẹ!" Barnabas gbá àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. "Ọmọ tí mo rán níwèé!" Ó bínú lọ sóko. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí i pé kì í ṣe inú ló ń bí i mọ́. Ọmọ rẹ̀ ló ń wù ú rí.

Nínú oṣù kẹfà ni nǹkan ṣẹlẹ̀. Barnabas ń darí ìtàkùn iṣu sára ọ̀pá, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan rírọ̀. Ó wò ó. Ewé ni. Ewé tútù, tínńtín, lára ọ̀pá tó gé. Ó wo èkejì, ó ti rúwé. Ẹ̀kẹta náà ti rúwé. Ó di ọ̀kan mú, ó fà á, kò tu: ó ti ta gbòǹgbò. Àwọn kùkùté pàápàá ti ń pẹ̀ka. Barnabas jókòó sórí ebè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò tíì rín láti ọjọ́ ìkórè.

"Igi yìí ò gbọ́ pé mo ti pa òun."

Nígbà tó sọ fún Phebe, Phebe ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀. "Bàbá Akínkúnmi, ẹ ránṣẹ́ pè é. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra."

"Ọmọ tó bá ṣípá nìyá rẹ̀ ń gbé. Jẹ́ kó wá dọ̀bálẹ̀ ná."

"Ó ti dọ̀bálẹ̀ kó tó lọ. Ẹ̀yin lẹ ní kó má wá, àfi bí ẹ bá pè é."

Barnabas ní bí iṣu tuntun bá jáde, òun á fi iṣu ránṣẹ́ pè é. Ó rò pé ìyẹn á dára, pé kò ní dà bí ẹ̀bẹ̀. Iṣu tuntun jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tí àwọn òṣìṣẹ́ epo daṣẹ́ sílẹ̀ ni, ọdún tí ọkọ̀ ò rí bẹntiróòlù rà, tí koríko ń hù lójú títì. "Bí epo bá ti dé," ni Barnabas ń wí. Bí epo bá ti dé! Cornelius ní kẹ̀kẹ́ nílé. Kẹ̀kẹ́ ń dé Òṣogbo. Barnabas mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Cornelius wọlé pẹ̀lú àwọn àgbà ìjọ méjì. Wọ́n kí i, wọn ò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ara Akínkúnmi ò yá díẹ̀."

Phebe ti ké kó tó sọ ọ́ tán. Ìyá mọ̀. Nígbà tí àgbà méjì bá bá oníròyìn rìn, kì í ṣe àìsàn ni wọ́n ń bọ̀ wá sọ. Ibà pọ́njú ló kọlu ọmọ náà. Ọ̀dọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ náà ló kú sí, nítorí kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé e wálé, wọ́n sì sin ín sí Òṣogbo. Wọn ò lè sọ fún Barnabas pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè gan-an ló fọ́.

"Ibo ni wọ́n sin ín sí?" ló ń bi Cornelius.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ." Bẹ́ẹ̀ sì ni lóòótọ́, bí àwọn baba ti ń ṣe é nìyẹn, láti dáàbò bo ọkàn òbí. Ṣùgbọ́n ọkàn Barnabas ò rí ààbò kankan níbẹ̀. Ó ń ronú gbogbo ilẹ̀ Òṣogbo, kò mọ èyí tó wà lórí ọmọ òun.

Nǹkan mìíràn tún wà. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá Akínkúnmi mọ́. Bàbá Tèmi, lórúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, ni gbogbo wọn ń pè é, àtọmọdé àtàgbà, Awóníyì pẹ̀lú. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, kí wọ́n má baà fọwọ́ kan ojú egbò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, lójú rẹ̀, ńṣe ni wọ́n tún ń sin ọmọ náà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló fẹ́ sọ fún?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ náà sọ. Ó gé ewé àgùnmániyè, ó tẹ́ ẹ sórí ebè. Ó ní kí Phebe má da eérú nù. Ó ń ṣe é bí ẹni pé ẹnì kan dúró tì í tó ń wò ó. Àwọn ará abà ní ọ̀fọ̀ ti kàn án lórí. Ewé ń jẹrà, ilẹ̀ ń dúdú, ekòló padà dé, ewé iṣu tutù yọ̀yọ̀ títí ẹ̀ẹ̀rùn fi fẹ́ wọlé. Ọjọ́ tó wa ebè àkọ́kọ́, ó wa títí ló fi mọ̀ pé òun ò tíì dé ìdí. Iṣu náà tóbi ju gbogbo èyí tí wọ́n ti gbé síwájú pẹpẹ rí. Phebe jókòó sílẹ̀, ó gbé e lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbọ́mọ, ó sì bú sẹ́kún.

"Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?" ló ń wí. "Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

Wọ́n ṣì ń wa iṣu lọ́sẹ̀ náà tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan fi dúró lẹ́nu ọ̀nà oko, àpò kún ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó wọ fìlà funfun kan sọ̀ kalẹ̀, ó kí Cornelius.

"Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ibí ni oko Bàbá Àgùnmániyè?"

Cornelius fa ojú ro. "Ta lẹ̀ ń bú? Ta ni yín? Ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń pè bẹ́ẹ̀?"

Barnabas ti gbọ́. Ó jáde láàárín ebè tòun ti iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́. "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀," ló wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Sànúsí lorúkọ mi, mo ń sin adìyẹ ní Òṣogbo. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yín wà. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ọlọ́hun ló mọ̀, a ò fi ọ̀bùn sin ín. Mo pe àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, wọ́n wá gbàdúrà." Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Mi ò pète èébú o. Orúkọ tí gbogbo wa mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ tó dé, mo bi í pé kí lorúkọ rẹ, ó ní Àgùnmániyè. Mo ní irú orúkọ wo nìyẹn? Ó ní bàbá òun ló sọ òun, pé kò burú, pé igi tó ń bọ́ ilẹ̀ ni. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pe iṣu ní uṣu, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ó ní kí wọ́n jẹ uṣu bàbá òun ná."

Barnabas sún mọ́ ọn.

"Mo máa ń sọ fún un pé, lọ kí bàbá rẹ. Ó ní rárá, ẹ ní àfi bí ẹ bá pè é. Ó ní kí n má dààmú, ẹ ó pè. Ó ní tútù lẹ ri ọ̀pá àgùnmániyè mọ́lẹ̀, pé igi yẹn kì í kú bọ̀rọ̀, bó bá ti rúwé ẹ ó rí i, bẹ́ ẹ bá sì ti rí i, ẹ ó pè é. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á gbórí sókè. Nígbà tí kò sí epo, tí ọkọ̀ ò dé mọ́, ó ní ìyẹn náà ló fà á tẹ́ ẹ ò fi tíì pè òun."

"Ó rúwé," Barnabas wí. "Mo rí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

Sànúsí nawọ́ sí ẹ̀yìn ọkọ̀. "Àmánà, ohun tí ọmọ yín fi sí mi lọ́wọ́, ni mo gbé wá. Ìgbẹ́ adìyẹ ni, ó ń kó o pamọ́ fún oko yín. Ó ní tútù rẹ̀ máa ń jó ọ̀gbìn, kí n jẹ́ kó jẹrà kó gbẹ. Kàdíjátù, ìyàwó mi, ní ká tà á. Mo ní àmánà kì í ṣe ohun tí à ń tà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

Wọ́n sọ àwọn àpò náà kalẹ̀. Barnabas tú ọ̀kan, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ti di lẹ́búlẹ́bú, ó dúdú, kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ tí ó torí rẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́ pọ̀. Ó dì í mọ́wọ́, kò mọ ibi tó fẹ́ dà á sí.

"Ibo ló wà?" ló bi Sànúsí lójijì. Cornelius wúkọ́. Sànúsí wo Cornelius, ó wo Barnabas, ó sì dorí kodò. Barnabas ò tún bi í mọ́.

Ó ṣa iṣu tó tóbi jù sẹ́yìn ọkọ̀ náà, pẹ̀lú èyí tí ìbá gbé lọ síwájú pẹpẹ. "Fún àwọn ọmọ àdúgbò yín," ló wí. "Ẹ sọ fún wọn pé uṣu ni." Sànúsí dúpẹ́ títí. Cornelius ti pè é sí kọ̀rọ̀ bá a sọ̀rọ̀, nítorí náà nígbà tó fẹ́ wọlé sọ́kọ̀, ó rọra wí pé, "Ó dàbọ̀ o, Bàbá Tèmi."

Barnabas di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. "Kí lẹ pè mí nígbà tẹ́ ẹ dé?"

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, mi ò mọ̀ pé…"

"Ẹ pè mí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti kú, kò sẹ́ni tó tún fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Ẹ dákun."

Omi lé sójú Sànúsí. "Bàbá Àgùnmániyè."

"Òo," ni Barnabas dáhùn.

Ọkọ̀ náà lọ. Cornelius bá tirẹ̀ lọ. Barnabas padà sáàárín poro, níbi tí àwọn igi náà ti ga ju orí rẹ̀ lọ. Phebe ń dáná lẹ́yìn abà, ló bá gbọ́ ohùn rẹ̀ tó gba oko kan, ohùn tí à ń fi pe ẹni tó jìnnà.

"Àgùnmániyè o! Akínkúnmi! Èmi bàbá rẹ ni mò ń pè ọ́ o! Máa bọ̀ lóko!"

Phebe gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Kò lọ dá a lẹ́kun. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ọ bó ti ń pè.